Ajá Bàbá Mi àti Ẹsẹ̀ Àǹtí Télọ̀

Ọdún tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, mo padà sílé bàbá mi ní Òmù-Àrán láti dúró de iṣẹ́. Mo rò pé oṣù méjì péré ni màá lò. Ó lé ní ọdún kan kí n tó kúrò níbẹ̀. Nígbà náà, ó ń ṣe mí bíi pé gbogbo ẹgbẹ́ mi ti lọ tán, èmi nìkan ló kù. Nísinsìnyí tí mo ti ń gbé Ìlọrin, tí mo sì ní ilé tèmi, ọdún yẹn gan-an ni ọkàn mi máa ń fà sí jù lọ.

Ilé wa kò tóbi. Díẹ̀díẹ̀ ni bàbá mi kọ́ ọ, láti ìgbà tó ti jẹ́ tíṣà títí tó fi di ọ̀gá ilé-ìwé tó sì fẹ̀yìn tì. Igi ọsàn méjì wà níwájú ilé, tí ó bá sì ti di ìgbà ọyẹ́, eruku á bo gbogbo ewé wọn. Bàbá mi á wọ súwẹ́tà tí màmá mi hun fún un, á gbé rédíò sójú fèrèsé, á gbé àga rẹ̀ lọ síbi tí oòrùn àárọ̀ bá mú dé. Ajá rẹ̀ á sì wá nà gbalaja sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Ẹ̀yìn ikú màmá mi ni ajá yẹn dé ilé wa. Àgbẹ̀ kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá mi láti Agbamu ló gbé e wá nínú agbọ̀n nígbà tó wá kí i kú ọ̀fọ̀. Ó ní, “Láti kékeré lo ti ń gbé láàárín ariwo ọmọ ilé-ìwé. Ilé tó dákẹ́ tó báyìí ò ní bá ọ lára mu.” Ajá kékeré ni nígbà náà, pupa rẹ́súrẹ́sú, etí rẹ̀ kan sì funfun. Ó jẹun, ó dàgbà, ó di ajá ńlá. Bàbá mi ń fi Ìgbómìnà bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì rẹ̀ wí, ajá náà á sì máa wò ó lójú bí ẹni tó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ó rorò. Ó ti fa ṣòkòtò ọkùnrin tó máa ń pín ìwé owó iná ya rí. Bàbá mi bẹ ọkùnrin náà, ó bá a tún ṣòkòtò ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà lọ tán, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń so ajá náà mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ṣú, tí a bá ti géètì pa, ló tó ń tú u sílẹ̀.

Ní òdìkejì títì, ní ọ̀ọ́kán ilé wa, ni ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Télọ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ ni tọmọdé tàgbà àdúgbò ń pè é. Apá Share ló ti wá, Mùsùlùmí ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń dá kọrin sínú bó bá ń ránṣọ. Ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò ní Òkè-Ọdẹ, ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló sì máa ń wálé. Èmi àti Àǹtí Télọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ ní ìgbà yẹn. Mo máa ń kí i, ó máa ń jẹ́ mi lóhùn, ó parí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ilé-ìwé wọlé, mo tú ajá sílẹ̀ láti wẹ̀ ẹ́. Mo ti ṣí géètì nítorí omi tí mo ń pọn láti ẹ̀rọ ìta. Mo ti fi ọṣẹ pa á lára tán nígbà tí fóònù mi dún nínú yàrá. Orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́ ni mò ń retí lọ́jọ́ náà, mi ò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo sáré wọlé. Mi ò so ajá. Mi ò ti géètì.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló ń pè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rárá. Mi ò tíì bá a sọ̀rọ̀ dé ibì kan tí mo fi gbọ́ igbe.

Nígbà tí mo fi jáde, bàbá mi ti gba ẹ̀yìnkùlé yọ, ó ti dé ojú títì ṣáájú mi. Àǹtí Télọ̀ wà nílẹ̀, ọ̀rá tó gbé dání ti já, ṣòkòtò tuntun tó rán fún bàbá mi wà nínú erùpẹ̀. Òun gan-an ló ń gbé e bọ̀ wá fún un. Ajá ti bù ú jẹ ní iṣan ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹ̀jẹ̀ sì ti rin ìró rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wí pé, “Ìnnálíláhì, Ìnnálíláhì,” ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì di ẹsẹ̀ náà mú.

Bàbá mi dì mọ́ ajá lọ́rùn, ó wọ́ ọ wọlé, ó sì so ó. Nígbà tó padà jáde, ó pàṣẹ fún mi, “Omi. Ọṣẹ. Kíá!”

Bàbá mi kúnlẹ̀ sójú títì. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọ̀gá, tí àwọn òbí ọmọ ń dọ̀bálẹ̀ kí, ó gbé ẹsẹ̀ obìnrin náà lé orí itan rẹ̀, ó ní kí n máa da omi sí i, ó sì ń fọ ojú ọgbẹ́ náà. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀. Mo da korobá mẹ́ta tán, ó ní kí n tún pọn sí i. Ìyá àgbàlagbà kan láàárín àwọn tó ti pé jọ ní kí wọ́n gé irun ajá náà, kí wọ́n fi epo pupa pò ó, kí wọ́n fi lé e. Bàbá mi ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Ẹ ṣeun, Ìyá. Omi àti ọṣẹ ni, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn.”

Ẹnìkan béèrè pé, “Ta ló tú ajá sílẹ̀ lọ́sàn-án gangan?”

Korobá wà lọ́wọ́ mi. Bàbá mi ló dáhùn.

“Èmi ni mo ni ajá,” ó ní.

Ó ní kí ẹnìkan lọ pe ọ̀kadà wá.

Ọ̀kadà méjì ló gbé wa dé ilé ìwòsàn. Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi bàbá mi ni pé, “Ṣé ajá yín ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, bàbá?” Bàbá mi ní ó gbà á nígbà tó wà ní kékeré. Nọ́ọ̀sì ní, “Ọdọọdún ni wọ́n ń gbà á.” “Mo mọ̀,” bàbá mi wí. “Mo gbàgbé. Ẹ̀bi mi ni.”

Dókítà wá ṣàlàyé fún wa. Kò ní rán ojú ọgbẹ́ náà, nítorí wọn kì í sábà rán ibi tí ajá bá gé jẹ ní kíákíá. Ó fún Àǹtí Télọ̀ ní abẹ́rẹ́ kan nítorí àrùn ipá tó máa ń gba ojú ọgbẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn dìgbòlugi kò sí nílé ìwòsàn náà. Ìlọrin la ti máa rí i, a ò sì gbọ́dọ̀ fi falẹ̀. “Bí àrùn yìí bá ti fara hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tí a lè lò mọ́,” ó ní. “Kó tó fara hàn la fi ń gbógun tì í. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ló máa gbà á, láàárín oṣù kan. Ajá ńkọ́, ẹ má pa á o. Ẹ so ó mọ́lẹ̀, ẹ máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí kò bá ṣàìsàn, tí kò kú, a jẹ́ pé kò ní àrùn náà lára nígbà tó bù wọ́n jẹ.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ìlọrin. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ náà bá tó, báyìí la ṣe ń lọ. Àǹtí Télọ̀ ní kí bàbá mi má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu mọ́, pé òun á máa dá lọ. Bàbá mi ní bí òun bá fún un lówó ọkọ̀ tí òun sì jókòó sílé, ọkàn òun ò ní balẹ̀. Torí náà ni wọ́n ṣe ń jókòó lórí ìjókòó kan náà, èmi á wà lẹ́yìn wọn. Mo ń gbọ́ bí Àǹtí Télọ̀ ṣe ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ fún un, bí àwọn obìnrin Nupe ṣe máa ń gbé ẹja gbígbẹ wá sí ọjà wọn, bí òun ṣe mọ owó kà ní èdè wọn kí òun tó mọ̀ ọ́n kà ní Yorùbá. Bàbá mi á ní kó kà á fún òun. Á kà á, bàbá mi á máa tẹ̀lé e, á ṣì í, gbogbo ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. Bí a bá ń bọ̀, a máa ń ra àgbàdo sísun lójú ọ̀nà. Bí mo bá rántí bọ́ọ̀sì yẹn nísinsìnyí, ẹ̀rín ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó wá rántí ohun tó gbé wa wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀rín. Ọkọ Àǹtí Télọ̀ dé láti Òkè-Ọdẹ, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà tó fi wá síwájú ilé wa.

“Ẹ jókòó,” bàbá mi ní.

“Mi ò wá jókòó, Bàbá. Ajá tó bu ìyàwó mi jẹ dà?”

“Ó wà lẹ́yìnkùlé, mo so ó.”

“Ẹ jẹ́ kí n pa á.”

“Mi ò lè jẹ́ kí ẹ pa á lónìí,” bàbá mi wí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Bí a bá pa á báyìí, a ò ní mọ̀ bóyá àrùn wà lára rẹ̀ tàbí kò sí. Nítorí ìyàwó yín ni mo ṣe dá a sí. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe sí i, màá ṣe é.”

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. “Màá gbé yín lọ sí kóòtù.”

“Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Bí wọ́n bá pè mí, màá wá, màá sì sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.”

Mo wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń sọ gbogbo èyí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo yí padà wọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, lọ́yà kan tí bàbá mi ti kọ́ rí nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wá kí wa. Ó ti gbọ́. Ó jókòó lábẹ́ igi ọsàn, ó ń bó ọsàn tí mo gbé fún un, ó sì bi bàbá mi bóyá ajá náà ti ṣe ẹnikẹ́ni léṣe rí.

“Ó ti fa ṣòkòtò ẹnìkan ya.”

“Ẹ má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni o, sà.” Ó wá ṣàlàyé bí òfin ṣe rí. Ó ní ẹni tó bá ń sin ajá ló gbọ́dọ̀ dè é, pàápàá bó bá ti mọ̀ pé ajá náà lè ṣèèyàn léṣe. Bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá jáde lọ bu èèyàn jẹ, olówó rẹ̀ ni kóòtù máa ní kó gbọ́ bùkátà ìtọ́jú, àti ti iṣẹ́ tí onítọ̀hún ò lè ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé ṣe ló fi í sílẹ̀ láìbìkítà, ọlọ́pàá lè dá sí i. “Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní obìnrin náà ló wọ ọgbà yín wá, tó sì ń dà á láàmú, ọ̀rọ̀ lè yí padà.”

Bàbá mi ò bínú. Ohùn tó fi ń bi ọmọ kíláàsì rẹ̀ ní ìbéèrè ló lò.

“Ta ló kọ́ ọ ní ìwé kíkà?”

“Ẹ̀yin ni, sà.”

“Ǹjẹ́ mo kọ́ ọ ní irọ́?”

Lọ́yà sọ ọsàn ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. “Ẹ má bínú, sà.”

“Ó dáa. Bá mi wo ohun tí òfin ní kí n ṣe, kí n ṣe é kí wọ́n tó ní kí n ṣe é.”

Wọ́n jọ kọ ìwé kan. Bàbá mi tún un dà kọ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó rẹwà yẹn: pé òun ló ni ajá, pé ojú títì ló ti bu obìnrin náà jẹ láìṣẹ̀, pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá náà le, pé òun á gbọ́ bùkátà ìtọ́jú rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi jinná, òun á sì dí àlàfo iṣẹ́ tó bá pàdánù fún un. Ó fọwọ́ sí i. Lọ́yà náà fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló gbé e kọjá títì.

Ti iṣẹ́ yẹn ló wá nira. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni Àǹtí Télọ̀ fi ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, òun gan-an sì ni ajá bù jẹ. Yunifọ́ọ̀mù ọmọ ilé-ìwé ti kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé àjà. Àwọn òbí ti ń wá béèrè. Bí wọ́n bá gba aṣọ wọn lọ fún télọ̀ mìíràn, wọ́n lè má padà mọ́ láé, owó kankan ò sì lè dá irú wọn padà.

Bàbá mi pè mí. “Láti ọ̀la lọ, ọ̀dọ̀ Àǹtí Télọ̀ ni wàá ti máa ṣiṣẹ́. Ọwọ́ lo máa fi máa yí àgbá roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ náà, òun á máa tọ́ aṣọ.”

Mo lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ejìká mi fẹ́rẹ̀ẹ́ já. Mo ń yí i sáré jù, òwú ń já. Mo ń yí i sẹ́yìn, òwú ń lọ́ mọ́ra. Àǹtí Télọ̀ na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sórí àpótí, ó ní, “Fi sùúrù yí i. Tẹ̀lé orin mi.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin jẹ́jẹ́, mo sì ń yí i bí orin náà ṣe ń lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, a ti ń rán aṣọ mẹ́wàá lójúmọ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ká etí aṣọ, bí wọ́n ṣe ń gán bọ́tìnnì. Òórùn aṣọ tuntun àti epo ẹ̀rọ ṣì wà nímú mi di òní.

Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí kò sí oníbàárà, mo dá ẹ̀rọ dúró. Mo ní, “Àǹtí, èmi ni mo tú ajá sílẹ̀. Èmi ni mo ṣí géètì. Kì í ṣe bàbá mi.”

Ó já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́. “Mo mọ̀,” ó ní.

“Ẹ mọ̀?”

“Ajá tó bù mí jẹ, ó tutù rin, ìfófó ọṣẹ wà lára rẹ̀ títí dé etí. Ṣé Ọ̀gá ló ń fi ọṣẹ wẹ ajá ni?”

Mo bú sẹ́kún. Ó jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, “Mo ti ń retí pé kí o sọ ọ́. Ó ti dára. Lọ sọ ọ́ fún bàbá rẹ náà.”

Mo sọ ọ́ fún un ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó pa rédíò. Mo rò pé á bínú.

“Ó dáa tí o sọ ọ́,” ó ní. “Má tún fi irú rẹ̀ sínú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kò mú mi kúrò nínú ẹ̀. Èmi ni mo gbà á sílé. Èmi ni mo gbàgbé abẹ́rẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo rí i tó fa ṣòkòtò ya, tí mo rẹ́rìn-ín.”

Nígbà náà, a ti kọjá ọjọ́ mẹ́wàá tí dókítà dá. Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn gùn. Láràárọ̀ ni bàbá mi máa ń lọ sẹ́yìnkùlé, á gbé omi kalẹ̀ níwájú ajá, á sì dúró wò ó títí á fi mu ún, torí ajá tí àrùn náà bá mú kì í lè gbé omi mì. Bó bá ti mu ún, á kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Télọ̀, á ní, “Ó mu omi.” Kò sí ohun mìíràn tó máa ń sọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, dókítà ẹran wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

Ọkọ Àǹtí Télọ̀ ò lọ sí kóòtù. Lẹ́yìn tí ìyàwó rẹ̀ gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, ó wá jókòó níwájú ilé wa. Ó ní òun ti ka ìwé náà, òun sì ti gbọ́ nípa yunifọ́ọ̀mù. “Bàbá, ọ̀rọ̀ ajá yẹn, mi ò ní kí ẹ pa á mọ́,” ó ní. Bàbá mi dúpẹ́.

Síbẹ̀, bàbá mi ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún un. Bí Àǹtí Télọ̀ bá fẹ́ kọjá sí ọ̀dọ̀ wa, tí ajá bá sì gbó lẹ́yìnkùlé, ó máa ń dúró láàárín títì, á sì tún padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá mi rí i lẹ́ẹ̀kan, ó rí i lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Agbamu. Ọ̀rẹ́ náà wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Ajá náà rò pé ìrìn fàájì ni, ó fò wọ inú ọkọ̀. Bàbá mi fọwọ́ pa á ní orí, ó fi Ìgbómìnà sọ nǹkan kan fún un tí mi ò gbọ́. Ọkọ̀ lọ. Bàbá mi gbá iwájú ilé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti gbá a láàárọ̀.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, mo ríṣẹ́, mo kó lọ sí Ìlọrin. Bàbá mi ò ra ajá mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó máa ń wọ ọ̀kadà lọ sí oko ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Agbamu, ó sì máa ń ròyìn fún mi lórí fóònù: ajá ti sanra, ajá ti mọ bí wọ́n ṣe ń lé òkété, ajá ṣì dá òun mọ̀. Mo gbọ́ ìròyìn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Bàbá mi ti di olóògbé báyìí, mo sì ń fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn.

Ọjọ́ tí ìròyìn ajá parí, ìgbà òjò ni, ọ̀nà ò dára, bàbá mi pè mí lọ́sàn-án nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Ó ní ajá ti kú, pé ọjọ́ ogbó ni, pé abẹ́ igi kan lẹ́bàá oko ni àwọn sin ín sí, òun àti ọ̀rẹ́ òun. Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá.” Ó ní, “Ó ti lo ayé rẹ̀ dáadáa.” Mo ń gbọ́ bí òjò ṣe ń rọ̀ lórí páànù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wá béèrè bóyá mo ti jẹun ọ̀sán. Mo ní mi ò tíì jẹ. Ó ní kí n lọ jẹun.